Ọwọ́ Òsì Àbúrò Mi

Kò tètè ké nígbà tí wọ́n bí i. Ohun tí ìyá mi sọ fún mi nìyẹn, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí àbúrò mi obìnrin yìí fi máa pé ọmọ ọdún márùn-ún, gbogbo ilé tí à ń gbé ní Mushin ló mọ̀ pé apá ọ̀tún rẹ̀ kò dá ṣáṣá. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀ tó bá ń rìn. Ọwọ́ ọ̀tún ká mọ́ àyà, àtàǹpàkò sá sínú àtẹ́lẹwọ́, ìka mẹ́rin yòókù sì dé e mọ́lẹ̀. Tó bá sùn lọ́sàn-án, ọwọ́ náà á tú sílẹ̀ fúnra rẹ̀, á rọ̀ bí ọwọ́ ọmọ yòókù. Tó bá jí, á tún dì. Inú máa ń bí mi sí ọwọ́ náà, bíi pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é ni.

Èmi ni mo ń fún un lóúnjẹ. Ìyá mi á ti gbé ọṣẹ tó ń tà lọ sọ́jà láàárọ̀, bàbá mi tó jẹ́ télọ̀ á sì ti wà nídìí máṣíìnì ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé. Àbúrò mi máa ń na ọwọ́ òsì sí abọ́, gbogbo wa la sì máa ń gbá a kúrò. Ilé mùsùlùmí ni ilé wa. Ọwọ́ òsì kì í ṣe ọwọ́ tí a fi ń jẹun. Bó bá ti nà án, ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù á sọ pé, "Ọwọ́ ọ̀tún!" á sì lù ú lẹ́yìn ọwọ́. Nígbà tó yá, kò nà án mọ́. Á kàn ya ẹnu sílẹ̀, á máa dúró dè mí. Àwa náà wá ń sọ fún àlejò pé kò lè dá jẹun.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba sọ ilé ìwé di ọ̀fẹ́. Àwọn tíṣà ń pe àwọn ọmọ jọ, wọ́n ní kí kálukú gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí kó fi kan etí òsì. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá kàn án ti tó lọ. Tèmi kan etí, ó tún lé díẹ̀. Mo sáré wálé bí ẹni tí wọ́n fi jọba. Bàbá mi kò gbé ojú sókè nídìí máṣíìnì.

"Ta ló máa máa fún àbúrò ẹ lóúnjẹ?"

Ó já òwú lẹ́nu abẹ́rẹ́, ó ní:

"Ọjọ́ tó bá fọwọ́ ara ẹ̀ jẹun tán níwájú mi, ọjọ́ yẹn lo máa mọ̀ pé ò ń lọ. Ọwọ́ ọ̀tún o."

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ilé ìwé wọlé.

Mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà ni ọmọ náà lára. Ìyá onílé wa, arúgbó kan láti Ògbómọ̀ṣọ́, kọ́ mi pé kí n máa ki ọwọ́ náà bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí n fi òrí pa á, kí n sì máa ṣí ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí mo bá fi pẹ̀lẹ́ ṣe é, ọwọ́ á ṣí. Màá fi àkàrà sí i, á dì í mú. Àmọ́ kò lè rọra di nǹkan mú. Á fún àkàrà títí á fi fọ́ jáde láàárín ìka rẹ̀, kò sì ní lè tú ọwọ́ sílẹ̀ tí mo bá ní kó tú u. Bí mo bá ti pariwo, gbogbo apá náà á gan. Nígbà tí mo ti di ìyá ọmọ ni dókítà kan tó ṣàlàyé fún mi pé ọpọlọ ló fara pa lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, pé bó bá ṣe ń tiraka sí i ni ọwọ́ náà á ṣe máa le sí i. Nígbà náà, ohun tí mo rò ni pé ọ̀lẹ ni, àti pé ọwọ́ òsì ló ń bà á jẹ́.

Ni mo bá so ó. Mo ṣa ìrépé aṣọ nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, mo fi so ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, mo fa bùbá bò ó kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sunkún. Lẹ́yìn ìyẹn, ó kàn ń wò mí. Nígbà kan ó gbé àkàrà dé ẹnu; inú mi dùn débi pé mo kígbe, ó ta gìrì, àkàrà bọ́ sílẹ̀. Mo gbá a létí. Mo fẹ́ lọ ilé ìwé ju bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, mi ò sì ní purọ́ nípa rẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ìwọlé, bàbá mi ti mọ́ṣáláṣí dé, ó jókòó sórí ẹní, ó ní kí n gbé oúnjẹ wá. Ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá ni. Ìyá mi náà wà níbẹ̀. Mo ti so ọwọ́ òsì náà lábẹ́ bùbá, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí, mi ò so ó le.

Àbúrò mi na ọwọ́ ọ̀tún. Ó gbìyànjú, Ọlọ́run mọ̀. Òógùn yọ níwájú orí rẹ̀. Ó kan ẹ̀bà, ọwọ́ dì, ẹ̀bà fún jáde láàárín ìka, ó bọ́ sí i láṣọ. Ó tún nà án. Abọ́ ọbẹ̀ fẹ́ dà, ìyá mi dì í mú, ó sì wo ibòmíràn.

Ìgbà náà ni ọwọ́ òsì bọ́ nínú ìdè. Ó jáde lábẹ́ bùbá, ó bu òkèlè, ó fi kan ọbẹ̀, ó gbé e dé ẹnu. Ilá kò kán sílẹ̀. Ó bu òmíràn. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ; ó ti ń wo bí a ṣe ń jẹun láti ọjọ́ yìí. Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ìka rẹ̀, kó tó rántí pé bàbá wa wà níbẹ̀. Ó yára fi ọwọ́ náà pamọ́ sẹ́yìn.

Bàbá mi ní, "Gbé e wá."

Mo di ojú. Mi ò gbọ́ ìró kankan. Nígbà tí mo la ojú, ó di ọwọ́ náà mú, ó ń wo ibi tí aṣọ ti dá àpá sí i. Ìrépé aṣọ náà ṣì ń rọ̀ níbẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n. Òun ló gé e.

"Ta ló so ó?"

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ ní ọwọ́ ọ̀tún ni kó fi jẹun."

Mo ń retí ẹgba. Ó tú ìrépé aṣọ náà kúrò, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ so ó." Ó wo ìyá mi. "Ọjọ́ wo lọmọ yìí ti ń na ọwọ́ tí Ọlọ́run fún un sí wa! Kẹ́nikẹ́ni má lù ú mọ́."

Ìyá mi bú sẹ́kún. Bàbá mi dìde, ó ní kí n lọ ilé ìwé lọ́jọ́ Ajé.

Inú mi dùn, mi ò ní tàn yín. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá mi ti ń gé aṣọ ilé ìwé mi ní ṣọ́ọ̀bù, mò ń kọrin nígbà tí mo gbé ẹ̀kọ àti àkàrà síwájú àbúrò mi. Mo ní kó máa jẹun. Kò fọwọ́ kàn án. Ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀, ó fi lé ìdí rẹ̀ níbi tí mo máa ń so ó mọ́, ó sì jókòó jẹ́ẹ́ kí n wá so ó. Mo sọ fún un pé mi ò so ó mọ́. Ó ṣì ń dúró dè mí.