Okùn Kànga Tí Mo Ń Gbé Lọ Sọ́jà

Ẹ̀wà ni mo ń tà. Mo ń ná ọjà Ìkìrun níbi tí ilé wa wà, mo ń ná Inísà, mo ń ná Òkukù, ẹnu mi sì ni wọ́n fi mọ̀ mí níbẹ̀ ju ẹ̀wà mi lọ. Ìwé kẹrin ni mo kà mọ. Èmi kì í bẹ̀rù ọlọ́pàá, n kì í bẹ̀rù agbowó-orí. Kànga ẹ̀yìnkùlé wa ni mo bẹ̀rù.

Baálé mi ló gbẹ́ ẹ. Bíríkìlà ni wọ́n, nígbà tí a sì ń kọ́lé, wọ́n ní kò sí ẹni tó máa bá àwọn gbẹ́ kànga nínú ilé àwọn. Wọ́n mọ etí rẹ̀ mọ orúnkún péré. Wọ́n ní ìyàwó àwọn kúrú. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. N kò mọ̀ pé etí kànga tó kúrú yẹn ṣì máa gba oorun lójú mi.

Ọwọ́ ọ̀tún wọn ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá wọn ń ra ara wọn, bí ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Mo ní, “Ẹ kúkú wá jókòó ti igbá mi, kí iṣẹ́ yẹn má baà ṣòfò.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà yẹn, ojú wọn ṣì máa ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ojú náà le gbagidi, ohùn wọn wálẹ̀, ẹsẹ̀ wọn ń wọ́lẹ̀. Àwọn èèyàn ní baálé mi ti ń gbéra ga, wọn ò kí èèyàn mọ́. Baálé mi ń kí wọn o. Etí àwọn èèyàn ni kò gbọ́.

Dókítà kan ní Òṣogbo pe orúkọ àìsàn náà ní èdè òyìnbó, mo sì gbàgbé rẹ̀ kí n tó dé ibi tí mo bọ́ bàtà mi sí. Ohun tí mo gbọ́ yé mi: àìsàn náà kì í lọ, oògùn ló máa ń tù ú lójú, wọn ò gbọdọ̀ gun àkàbà, wọn ò gbọdọ̀ dúró ti kànga. Bí a ṣe jáde báyìí, baálé mi ní, “Dókítà yẹn, ta ló gbẹ́ kànga tiẹ̀ fún un?”

Bí mo bá di apá wọn mú, wọ́n á já a gbà. “Ṣé òkú ni mí tí o fi ń gbé mi?” Mo ra ọ̀pá ìtilẹ̀. Nígbà tí mo tọjà dé, wọ́n ti rì í mọ́lẹ̀, wọ́n ta okùn aṣọ sí i. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pọn omi kún dúrọ́ọ̀mù kí n tó jáde. Wọ́n dà á sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí wọ́n lè rí ìdí fa òmíràn.

Lọ́jà, bí ẹnikẹ́ni bá ń yára bọ̀ láti ojú títì, mo máa ń rò pé èmi ló ń bọ̀ wá bá, pé wọ́n ti bá baálé mi nínú omi. Oníbàárà kan ní Òkukù ní, “Ìyá, ẹ ti ka ẹ̀ta lẹ́ẹ̀mejì o.” Mo ní, “Dákẹ́, gba oore rẹ.”

Ọjọ́ ọjà Òkukù kan, ní àkókò tí epo ọkọ̀ wọ́n, ọkọ̀ wa kú sí Inísà. Mo fẹsẹ̀ rìn díẹ̀, mo tún wọ òmíràn. Nígbà tí mo dé ilé, ìdérí kànga wà nílẹ̀. Okùn ìfami wà lórí iyanrìn, ó já. Sálúbàtà baálé mi, ẹyọ kan, wà létí kànga.

Mo tẹrí ba, mo wo inú rẹ̀. Garawa wa ń léfòó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, orí kan ń wò mí. Òjìji orí èmi fúnra mi ni. Ẹnu tí gbogbo ọjà ń sá fún kò lè pariwo. Mo kàn ń pe, “Baálé mi, baálé mi,” kànga náà sì ń dá mi lóhùn.

Ohùn kékeré kan ní, “Kí lo ń wá nínú kànga mi?”

Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ilé káfíńtà tó múlé tì wá ni baálé mi dúró sí, pẹ̀lú irin oníkọ́ tí a fi ń yọ garawa lọ́wọ́ wọn. Wọ́n lọ yá a nígbà tí okùn já. Bí wọ́n ṣe fẹ́ jáde ni ẹsẹ̀ kọ̀, wọn ò lè ré ìloro kọjá. Gìgísẹ̀ wọn ń gbéra, àtẹ́lẹsẹ̀ kò tẹ̀ lé e, bí ẹyẹ tí àtè mú.

Ìyàwó káfíńtà ní, “Ọ̀sán ni wọ́n ti wà níbẹ̀, Ìyá. Mo ní kí n fà wọ́n, irin ni wọ́n nà sí mi. Ọ̀nà fèrèsé ni mo gbà jáde lọ mú gaàrí nílé ìdáná ẹ̀yìn.”

Mo sún mọ́ wọn. Wọ́n gbé irin náà sókè. “Má fọwọ́ kàn mí.”

Ojú wọn kò yí padà, kì í yí padà mọ́, ṣùgbọ́n ẹyinjú wọn ń sáré. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan lẹ̀rù ń bà. Mo dúró. Kóńgò tí mo fi ń wọn ẹ̀wà ṣì wà lábíyá mi, mo mú un, ẹnu mi sì lọ síbi tó mọ̀.

“Ó dáa, n ò fọwọ́ kàn yín. Ẹ jẹ́ kí n ka ọjà tèmi.” Mo gbá ìdí kóńgò. “Ení.”

Ẹsẹ̀ gbéra.

“Èjì.” Ó ré ìloro kọjá. “Ẹ̀ta. Ẹ̀rin.” Èmi ń lọ níwájú, n ò bojú wẹ̀yìn, à ń gba ẹ̀gbẹ́ kànga kọjá. A dé ẹnu ọ̀nà tiwa, mo ní “Ẹ̀wá,” mo sì dákẹ́. Ẹsẹ̀ tún dúró. Ẹ̀rù bà mí débi pé n ò rántí ohun tó kàn.

Ohùn kékeré yẹn ní, “Èènì mi dà?”

Mo gbá kóńgò. “Èènì rèé, oníbàárà olójúkòkòrò.”

Wọ́n wọlé.

Ní ọjọ́ kejì, a jọ yọ garawa náà. Wọ́n di irin mú, mo ń kà lẹ́yìn, mo sì rọra di etí ẹ̀wù wọn mú. Wọ́n mọ̀. Wọn ò já a gbà. Wọ́n ra okùn tuntun, wọ́n sì ṣèlérí pé àwọn ò ní fa omi bí n kò bá sí nílé.

Ta ló gbà wọ́n gbọ́? Ní ọjọ́ ọjà Inísà, mo ká okùn náà sínú àpò ẹ̀wà, mo gbé e lọ. Ẹ̀rù ṣì bà mí láti àárọ̀ títí mo fi dé. Ẹni tó máa ṣèèṣì bọ́ sí kànga kò nílò okùn. Mo bá wọn lórí àga, níbi tí mo fi wọ́n sí.

Wọ́n ní, “Okùn mi ńkọ́? Ṣé ó tà?”

Mo ní àwọn oníbàárà ò ná an dé iye tí mo fẹ́.