Òdòdó Tí Mo Tú, Tí Mo Tún Kó

Òórùn oyin àti kànáfùrù ló kọ́kọ́ kàn mí nímú lọ́jọ́ náà, kí n tó rí ẹnikẹ́ni. Wọ́n pàtẹ ọjà ọdún Kérésìmesì sínú ọgbà ilé ìwé kan lẹ́yìn Allen Avenue. Àwọn obìnrin òkè òkun tí wọ́n fẹ́ ọkọ níbí ló ṣètò rẹ̀, kálukú pẹ̀lú oúnjẹ àti iṣẹ́ ọwọ́ ìlú rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí nígbà náà. Iléeṣẹ́ oníke tí mo ti ń ṣiṣẹ́ n'Íkẹjà ti ní ká lọ sinmi nílé, ìsinmi tí gbogbo wa mọ̀ pé kò ní ìpadà, ni aládùúgbò wa kan bá sọ pé ìyá òyìnbó kan ń wá ọmọbìnrin tí yóò bá òun to àga fún ọjọ́ mẹ́ta. Èmi náà wọ bàtà gogoro, mo lọ to àga. Mo rò pé nígbà tó ti jẹ́ òyìnbó, ó yẹ kí n múra bí òṣìṣẹ́ báǹkì.

Ìyá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ará Hungary ni. Ọkọ rẹ̀, ẹnjiníà ọmọ Èkìtì, ló lọ kàwé lọ́hùn-ún tó sì mú un bọ̀ wálé. Ọkọ ti kú, àwọn ọmọ wà lókè òkun, ìyá nìkan ló kù nínú ilé n'Íkẹjà. Mọ́mì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Good morning, ma." Ó dáhùn ní Yorùbá Èkìtì tó dán gbinrin, bí ẹni tí wọ́n bí sí Adó: "Ẹ káàárọ̀ ti tán lẹ́nu ẹ ni? Bàtà tó ń dún kó-kó-kó yẹn, bọ́ ọ, kí o má baà ṣubú lé òdòdó mi lórí." Ojú tì mí, ẹ̀rín sì ń pa mí.

Àwọn òdòdó náà wà lórí aṣọ funfun. Wọ́n á fi pẹ́ńsù ya òdòdó àti ewé àti ata sára aṣọ, wọ́n á wá fi abẹ́rẹ́ àti òwú aláwọ̀ pupa, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ojú ọ̀run kó o, títí pẹ́ńsù kò fi ní hàn mọ́. Mọ́mì ṣàlàyé fún àwọn tó yí tábìlì ká pé ní ìlú òun, wọ́n máa ń so ata gbígbẹ kọ́ sára ògiri ilé. Ọkùnrin kan ní, "Mọ́mì, ata tí a ò rí rà sọbẹ̀, ẹ̀yin ń gbé e kọ́ ògiri?" Mọ́mì ní, "A máa kọ́kọ́ jẹun yó ná." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí èrò dínkù, ó fún èmi náà ní abẹ́rẹ́. Òdòdó tí mo kọ́kọ́ kó rí bí tòmátì tí ènìyàn tẹ̀ mọ́lẹ̀. Mọ́mì yí aṣọ náà padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, torí lọ́dọ̀ wọn, ẹ̀yìn iṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ́ bí iwájú. Ó ní, "Tú u."

"Gbogbo ẹ̀, Mọ́mì?"

"Gbogbo ẹ̀. Kò dára. Ṣé kí n parọ́ fún ẹ ni?"

Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo tú u. Ìgbà kẹrin ni mo tó rí òdòdó tó jọ òdòdó.

Lọ́jọ́ kejì ni mo ṣàkíyèsí. Mọ́mì ń kó aṣọ tábìlì ńlá kan lọ́wọ́, abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì ń kúrò lójú pẹ́ńsù lápá òsì, ó ń sáré lọ sórí aṣọ funfun, kò sì mọ̀. Ó na ọwọ́ sí ife tíì, ọwọ́ rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ife kọjá. Obìnrin méjì juwọ́ kí i láti ẹ̀gbẹ́, kò dáhùn, ni wọ́n bá pòṣé: "Ìgbéraga wo nìyẹn? A kí i, kò tiẹ̀ wo apá ibi tí a wà." Mo sáré sọ pé, "Ẹ má bínú, mà, iṣẹ́ ọwọ́ Mọ́mì ló gbà wọ́n lọ́kàn." Irọ́ tí mo kọ́kọ́ pa nítorí rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí mo délé ní Dópẹ̀mú, mo sọ fún ìyá mi. Pọ̀nmọ́ ni ìyá mi ń tà ní Oko Ọba, ó ń fọ èyí tó kù lọ́wọ́.

"Màámi, ojú ìyá yẹn ò dáa. Ṣé kí n sọ fún wọn?"

Ó dúró, ó wò mí. "Ìwọ? Ẹni tó lè bí ìyá ẹ, ìwọ lo máa sọ fún un pé kò ríran? Wọ́n á ní mi ò kọ́ ẹ nílé. Bá wọn tún un ṣe jẹ́jẹ́, kí o panu mọ́. Àwọn ọmọ wọn á rí i."

Bí mo ṣe ṣe nìyẹn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo ti débẹ̀ kí Mọ́mì tó dé. Mo tú gbogbo ibi tí abẹ́rẹ́ ti ṣìnà, mo tún un kó. Nígbà tó dé, ó fọwọ́ pa aṣọ náà, ó ní, "Ọwọ́ yìí ò tíì gbàgbé." Inú mi dùn. Mo rò pé ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni mí.

Ọjà náà parí, ṣùgbọ́n mo ń lọ sílé rẹ̀ ní gbogbo Sátidé, ó lé ní ọdún kan. Màá ní mo fẹ́ gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sílé láti fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, màá sì tú u, màá tún un kó. Kí n sòótọ́, nínú àṣìṣe rẹ̀ ni mo ti mọ iṣẹ́ náà. Èmi ni mo ń ya fọ́tò àwọn aṣọ náà ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n á pè, wọ́n á ní, "Mọ́mì, ojú yín mà mú ju tiwa lọ!" Màá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, màá rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan, kò rí àtẹ̀gùn tó wà níwájú ilé rẹ̀, ó sì ṣubú. Egungun kankan kò kán, ṣùgbọ́n dókítà tó wò ó ní kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ojú. Ìyẹn ló sọ pé àìsàn kan ni, tí kì í dunni, tó máa ń jẹ ojú láti ẹ̀gbẹ́ wọ àárín. Ó ní oògùn tí wọ́n ń kán sójú ì bá ti dá a dúró ká ní ó tètè wá, ṣùgbọ́n èyí tó ti lọ kò ní padà mọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ìmọ́lẹ̀ àti òjìji nìkan ni Mọ́mì ń rí.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin wá láti mú un lọ sókè òkun. Mo lọ kí Mọ́mì pé ó dìgbà, mo pọn ọmọ tí mo bí lọ́dún náà, tí kò tíì pé oṣù márùn-ún. Aṣọ tábìlì ọjà ọdún yẹn wà lórí itan Mọ́mì, ó ń fi ìka tọ òdòdó kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Nígbà tí mo ṣe èyí, ojú mi ṣì dára. Wò ó bó ṣe dán."

Mo lè dákẹ́. Mo ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu mi.

"Mọ́mì, èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mo tú u, tí mo tún un kó. Èyí àti gbogbo ìyókù."

Ìka rẹ̀ dúró. "O rí i nígbà yẹn?"

"Mo rí i, mà."

"Kí ló wá dé tí o ò sọ?"

"Àgbà ni yín. Mo rò pé àrífín ni."

Ó ní, "Ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti wà láàárín yín. Ẹ ń kúnlẹ̀ kí mi. Ẹ ń gba ẹrù lọ́wọ́ mi, ẹ kì í jẹ́ kí n dìde lọ bu omi. Ọkọ mi nìkan ló ń sọ ohun tó bá rí fún mi, ó sì ti kú." Kò bú mi. Ó yí aṣọ náà padà, ó fọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀ látòkè délẹ̀, ó ní, "Iṣẹ́ náà dára. Ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́." Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò yìn mí bẹ́ẹ̀ rí. Mi ò lè dúpẹ́.

Ọmọ tí mo pọ̀n lọ́jọ́ náà ti pé ọdún mẹ́rin báyìí. Iṣẹ́ òdòdó ni mo fi ń bọ́ ọ. Ìyá mi ṣì ń sọ pé mi ò jẹ̀bi, pé ibi tí ẹ̀kọ́ ilé mọ nìyẹn, mi ò sì bá a jiyàn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyá onílé wa ń bu omi sínú kẹ́ẹ̀gì, ọmọ mi sì ní, "Màmá àgbà, ilẹ̀ lẹ ń da omi sí." Gbogbo ojúlé yíjú sí wa. Ìyá mi pariwo pé, "Ọmọ yìí ò lẹ́kọ̀ọ́! Gbá a lẹ́nu!" Ọwọ́ mi ti gbéra. Mo fi ọwọ́ náà lé èjìká ọmọ náà, mo ní kó tún un sọ, kó sọ ọ́ sókè dáadáa. Ó sì tún un sọ. Ohùn rẹ̀ kéré gan-an, kò lè kọjá ẹnu géètì wa, ká má tíì sọ pé yóò dé ọ̀dọ̀ Mọ́mì lókè òkun.