Ògiri tí Atipoka ń jẹ

Kí Atipoka tó di ẹni tí àwọn obìnrin abúlé Nyariga ń yà fún lọ́nà, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn máa ń wò. Bó bá jókòó sábẹ́ igi oṣè níbi tí wọ́n ti ń hun agbọ̀n, koríko á máa yí lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ó ti mọ ibi tó ń lọ tẹ́lẹ̀. Etí agbọ̀n rẹ̀ kì í wọ́, ìdí rẹ̀ kì í yẹ̀. Àwọn tó ń wá rajà láti ìlú Bolga a máa gbé ti ẹlòmíì sílẹ̀, wọ́n á ní ti Ọmọ Sirigu ni àwọn fẹ́. Ìlú tí wọ́n ti gbé e níyàwó ni wọ́n fi ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo ìyàwó ilé.

Àìsàn náà yọ́ wọlé ni. Lẹ́yìn tó bí àbíkẹ́yìn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jí pẹ̀lú ìka tó gan bí igi gbígbẹ. Oòrùn á ti ga kí ọwọ́ náà tó ṣeé pa dé. Tọ̀tún tòsì ló ń wú: ọrùn ọwọ́, oríkèé ìka, orúnkún. Nígbà míì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pàápàá á kọ̀, kò ní lè jẹ ẹran.

Ọkọ rẹ̀, Ayamga, tó ń sin ẹtù, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ ọjà kan, ó ra oògùn bọ̀ lọ́dọ̀ ọkùnrin tó máa ń gbé àpótí oògùn sórí kẹ̀kẹ́ kiri. Kóró aláwọ̀ méjì ni, apá kan pupa, apá kan dúdú, àwọn funfun wẹ́wẹ́ sì wà nínú ọ̀rá pẹ̀lú rẹ̀. Ọjọ́ tí Atipoka kọ́kọ́ lò ó, ìka rẹ̀ là kalẹ̀ bí ewé tó rí omi. Ó sunkún ayọ̀. Láti ọjọ́ náà, kó tó fi nǹkan kan sẹ́nu láàárọ̀, òun ló ń kọ́kọ́ gbé mì. Bí ìrora bá tún yọjú lọ́sàn-án, á tún gbé òmíì mì.

Báyìí ló ṣe ń bá a lọ títí di ọdún tí Ìyá Àgbà, ìyá ọkọ rẹ̀, kú. Ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́ ni. Yàrá ìyá náà ṣófo sí ìkángun agbo ilé, ẹnikẹ́ni kò tíì wọ inú rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri rẹ̀ ní òjìji tó dáa, Atipoka sì máa ń tẹ́ ẹní síbẹ̀ hun agbọ̀n.

Ọ̀sán gangan ọjọ́ kan ni, eruku ọyẹ́ ti sọ oòrùn di funfun bí ojú òkú, kò sí ariwo ẹyẹ. Ẹnìkan mí sí i létí. Hùù. Ó yíjú. Kò rí ẹnì kankan. Hùù… hùù… Ó gbé etí lé ògiri, ó gbọ́ ọ níbẹ̀. Ó kúrò nídìí ògiri, ó gbọ́ ọ níbi tó lọ. Nígbà tó gun ebè oko láti sá fún un, ohun náà yára mí, bí ẹni tó ń sáré tẹ̀ lé e. Nígbà tó jókòó, ó rọra mí, bí ẹni tó jókòó tì í.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ló fẹ́ wí?

Lẹ́yìn ìyẹn ni òórùn ògiri náà bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. Bó bá wọ́n omi sí koríko tí omi náà sì ta sára amọ̀, itọ́ á kún ẹnu rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó fi èékánná yọ díẹ̀, ó fi sórí ahọ́n. Adùn rẹ̀ kọjá ti ẹran. Ojú tì í, ó wò yí ká, ó sì tún yọ òmíì. Oúnjẹ gidi wá ń sú u. Sáàgbò tí wọ́n fi ọkà bàbà rò á tutù síwájú rẹ̀, àmọ́ bí ilé bá dá, á lọ sídìí ògiri Ìyá Àgbà.

Lamisi ló kọ́kọ́ rí ihò náà. Ẹ̀gbọ́n Ayamga obìnrin ni, opó tó ti padà sílé bàbá rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Ní tirẹ̀, ọkọ ni òun jẹ́ fún gbogbo ìyàwó ilé.

"Ta ló ń gbẹ́ ògiri ìyá mi?"

"Bóyá ewúrẹ́ ni," Ayamga dáhùn.

"Ewúrẹ́ wo ló ní èékánná? Wá wò ó! Ìka èèyàn rèé."

Atipoka tẹjú mọ́ agbọ̀n rẹ̀. Ajá ilé wá, ó sì dùbúlẹ̀ tì í. Ajá náà ti ń tẹ̀ lé e láti ọjọ́ mélòó kan, títí kan inú oko tí wọ́n ti kórè níbi tí obìnrin náà ti máa ń yàgbẹ́. Ohun tó ń jáde lára rẹ̀ ti dúdú bí ọ̀dà títì, ó ń dán, ó ń lẹ̀, òórùn rẹ̀ sì dà bí ti irin. Erùpẹ̀ tí òun ń jẹ ni, ó rò bẹ́ẹ̀, ó sì ń bò ó mọ́lẹ̀ kíákíá kí ajá tó débẹ̀. Inú kò run ún rárá.

Ó ń funfun. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dà bí ti ẹni tó fọwọ́ po ìyẹ̀fun.

"Ìyàwó mi," Lamisi fi ṣe yẹ̀yẹ́, "ṣé eérú lo fi ń para ni? Àbí o fẹ́ kí ọkùnrin ìlú òyìnbó wá gbé ọ?"

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ tí Atipoka gbórí sókè lójijì nínú òjìji ògiri náà, tó ní, "Ìyá, mò ń bọ̀."

"Ta lò ń dá lóhùn?"

"Ṣé ẹ ò gbọ́ ni? Ó ní, 'Ọmọ Sirigu.' Bí Ìyá ṣe máa ń fà á gùn."

Lamisi lọ sọ fún Ayamga. Lọ́jọ́ náà ni Ayamga gbé ẹtù kan lọ bá ẹni tó ń ríran. Ọkùnrin náà ní òùngbẹ ń gbẹ Ìyá Àgbà níbi tó wà. Wọ́n po ìyẹ̀fun mọ́ omi, wọ́n sì dà á sórí ibojì rẹ̀. Ohun tó ń mí kò dákẹ́.

Abẹ́ igi oṣè ni gbogbo rẹ̀ ti tú jáde. Àwọn obìnrin jókòó, wọ́n ń hun, wọ́n ń fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀. Atipoka dìde láti mú koríko, ayé sì funfun lójú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó bì. Ohun tó bì dúdú, ó rí ṣákiṣàki bí pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀ tí ewúrẹ́ ti tẹ̀.

"Ògiri Ìyá ni," ló wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọ ọwọ́ lọ. "Mo ti ń jẹ ẹ́. Ó ti ń padà bọ̀."

Àwọn obìnrin náà fò dìde. Agbọ̀n yí kiri ilẹ̀. Ẹnìkan pariwo pé kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kàn án. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, abẹ́ igi ti dá, ó ku Atipoka, ajá, àti Lamisi.

Ẹ̀rù ba Lamisi. Òun fúnra rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà, ó ní ìtọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lára òun. Ṣùgbọ́n ó tú gèlè rẹ̀, ó fi nu ẹnu Atipoka. "Bó bá jẹ́ ìyá mi ló fẹ́ mú ọ, yóò bá mi níbí. Dìde, jàre." Ó dá kẹ̀kẹ́ akẹ́rù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan dúró ní títì, ó gbé orí rẹ̀ lé itan, ó sì ń gbá a létí kó má bàa dákú títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn ní Bolga.

Dókítà tó wò ó jẹ́ obìnrin tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí, ọmọ ilẹ̀ wọn ni. Ó yí ìpéǹpéjú Atipoka wò, ó di ìka rẹ̀ mú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì béèrè ohun tó ń lò. Lamisi tú ọ̀rá oògùn náà sórí ibùsùn.

"Ṣé ẹ ti ń lo èyí pẹ́, Màmá?"

"Láti ìgbà tí ọmọ mi ti ń rákò."

"Ọmọ náà ńkọ́ báyìí?"

"Ó ti ń da ẹran."

Dókítà mí kanlẹ̀. "Làkúrègbé yín yìí, ara yín ló ń bá oríkèé ara rẹ̀ jà. Oògùn yìí ń pa ìrora rẹ̀, àmọ́ ó ti dá egbò sí yín ní àpòlúkù. Ó tún di egbò náà lẹ́nu, kò lè ké kí ẹ gbọ́. Ó kàn ń da ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ tó bá gba inú ìfun kọjá, dúdú ló ń jáde."

"Ohun tó ń mí ńkọ́?"

"Ọkàn yín ni ẹ ń gbọ́ nínú etí. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbẹ máa ń gbọ́ ọ, ó sì máa ń jẹ amọ̀. Mo ti rí i rí."

"Ta ló wá ń pè mí?"

Dókítà náà wò ó. "Ìyẹn, mi ò mọ̀ ọ́n, Màmá."

Ayamga tẹ̀ lé wọn dé. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti Atipoka mu, wọ́n sì fà á sí i lára. Ayamga jókòó tì í, ó ń wo bó ṣe ń kán, kò sì lè sọ pé òun ló kọ́kọ́ ra oògùn náà. Atipoka mọ̀. Ó fi ìka tó wọ́ kan ọwọ́ rẹ̀, ó fi í síbẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ náà ṣe ń wọlé, ohun tó ń mí ń jìnnà lọ bí ẹni tó ń gba àárín oko kọjá, títí tí kò gbọ́ ọ mọ́. Ẹ̀rù ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà bà á ju ti ohùn náà lọ. Ó ti mọ́ ọn lára kí nǹkan wà pẹ̀lú rẹ̀.

Wọ́n fún un ní oògùn mìíràn fún oríkèé, àti èyí tó ń bo egbò inú, wọ́n sì kìlọ̀ fún un kó má ṣe gba kóró lọ́wọ́ oníkẹ̀kẹ́ mọ́. Oríkèé rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìka tó ti wọ́ kò là mọ́. Kò lè hun etí agbọ̀n. Koríko ló ń pa láró báyìí, ní pupa àti àwọ̀ ewé, àwọn oníbàárà sì ti ń béèrè àwọ̀ tirẹ̀. Àwọn obìnrin kan padà wá jókòó tì í. Àwọn mìíràn ṣì ń kí i láti òkèèrè, wọn kì í jẹun nínú abọ́ tó bá ti fọwọ́ kàn. Kò bá wọn jà. Òun náà kò tíì dá ara rẹ̀ lójú tán.

Láàárọ̀ tí ìka bá gan, Lamisi ló ń wá bá a so ìró mọ́dìí.

"Ọkọ mi, ó ti fún jù. Mi ò lè mí."

"Dákẹ́. Bí mo bá sọ ọ́ dẹ̀, o máa ní mo fi ìhòòhò rẹ hàn ní ìgboro."

Á tú u, á sì tún un so.