Tíkẹ́ẹ̀tì Kan Ṣoṣo fún Ìyá Mi

Ọdún tí eré orin orí ìtàgé yẹn gba ìgboro kan ni ojú ìyá mi ń lọ. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ ní Ìdí-Àràbà ti sọ ọ́ fún wa láìfepobọyọ̀ pé ojú òsì ti lọ pátápátá, pé èyí tó kù, tó fi ń rí nǹkan bí ẹni tó ń yọjú wòta láti inú ihò kọ́kọ́rọ́, kò ní pẹ́ pa dé. Mo bínú sí dókítà náà bí ẹni pé òun ló fọ́ ọ lójú. Ìyá mi ló dìde, tó kí i pé ó ṣeun, tó fà mí lọ́wọ́ jáde.

Tíṣà ni ìyá mi. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Mùṣín, òun náà ló sì ń kọ́ wọn lórin. Ọmọbìnrin tó ń ṣe olórí nínú eré yẹn, tí àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri láti Ọ̀yìngbò títí dé Ojúẹlẹ́gba, ọ̀kan lára àwọn ọmọ tí ìyá mi kọ́ ni. Ẹ̀rù máa ń bà á nígbà náà. Kò lè gbé ohùn sókè lójú èèyàn, ọwọ́ rẹ̀ ò sì ní ìsinmi, á máa fi fa aṣọ, á máa fi họ ọrùn. Ìyá mi ló kọ́ ọ pé kó ká ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ àyà, kó fi wọ́n síbẹ̀ títí orin á fi parí. Nígbàkigbà tí rédíò bá ti gbé orin eré náà, ìyá mi á tẹ́tí sí i, á wá ní, "Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì ń ká ọwọ́ ẹ̀." Ohun kan ṣoṣo tó ní òun fẹ́ fi èyí tó kù nínú ojú òun rí nìyẹn. Mo gbìyànjú láti fi hàn án lórí fóònù, ṣùgbọ́n àwòrán ibẹ̀ kéré jù fún un, òjìji lásán ló ń rí.

Kì í kúkú ṣe òun nìkan. Wọ́n ti ṣe eré náà ní Erékùṣù Èkó títí, kó tó di pé wọ́n ní àwọn ń gbé e káàkiri orílẹ̀-èdè: Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Benin, Enúgu, Àbújá, àti ọjọ́ méjì péré ní Yábàá fún àwa ará ibí. Níbi iṣẹ́ mi ní Sábó, àwọn tó ti lọ wò ó ní Ìbàdàn ń bá wa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti Mẹ́kà dé. Obìnrin tó ń bá mi dirun ní Súrùlérè ò wò ó rí, ó sì mọ gbogbo orin inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó bá rí tíkẹ́ẹ̀tì gbà, ńṣe ni wọ́n ń kí i kú oríire.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni wọ́n ní àwọn á bẹ̀rẹ̀ sí í tà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni ò ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì wa láàárọ̀ yẹn. Àwa tí wọ́n gbà láti máa dá àwọn oníbàárà báǹkì lóhùn, a pa wọ́n tì, kálukú tẹjú mọ́ fóònù. Fóònù mẹ́ta ni mo tò sórí tábìlì. Ojú ewé náà ń yí, ó ń yí, nígbà tó sì máa ṣí, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé ó ti tán. Mi ò lè jẹun ọ̀sán. Mo ronú bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ìyá mi, mi ò rí i sọ.

Ìyá mi ò gbà kí n wá ọmọ náà kàn. Ó ní òun ò ní lọ bẹ ọmọ tí òun fi pátákó kọ́ pé kó wá ibi ìjókòó fún òun. Mo kọ̀wé sí ojú òpó wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ kó mọ̀. Títí di òní, wọn ò ṣí i wò.

Ìgbà tí ariwo pọ̀ ni wọ́n fi eré ọ̀sán kan kún un ní ọjọ́ Sátidé. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú ewé náà ṣí fún mi. Mo yan méjì, ti ìyá mi àti tèmi. Ó ní ó ku ẹyọ kan. Mo mú ẹyọ kan náà, mo sì pariwo débi pé ọ̀gá mi yọjú láti yàrá rẹ̀. Mo ti rò ó pé màá mú un dé ẹnu ọ̀nà, àwọn tó ń mú èèyàn jókòó á gbà á lọ́wọ́ mi, èmi á sì dúró síta.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo fi àwòrán kóòdù tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, èyí tí wọ́n máa fi ẹ̀rọ yẹ̀ wò lẹ́nu ọ̀nà, ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀, kó lè mọ̀ pé ó ti wà lọ́wọ́ òun. Mi ò sọ fún un pé kó má fi han ẹnikẹ́ni. Èmi tó jẹ́ pé ohun tí mò ń sọ látàárọ̀ dalẹ́ fún àwọn oníbàárà ni pé ẹ má fi kóòdù yín han èèyàn, ẹ má fún ọmọ yín, ẹ má fún pásítọ̀ yín, mi ò sọ ọ́ fún ìyá mi.

Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé yẹn, a rọra ń lọ nítorí ojú rẹ̀. Ìlà ti gùn nígbà tá a débẹ̀. Ọkùnrin tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò lẹ́nu ọ̀nà kí wa dáadáa.

"Mọ́mì, ẹ kú ọ̀sán o. Àǹtí, ẹ jẹ́ n rí kóòdù yín."

Ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀ tan iná pupa. Ó nù ún, ó tún un ṣe, ó tún tan pupa.

"Àǹtí, ẹni tó ni tíkẹ́ẹ̀tì yìí ti wọlé. Ó ti tó ogún mínúùtì."

"Ẹni tó ni ín rèé," mo ní. "Ìyá mi ló ni ín."

"Mo gbọ́ yín mà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti gbà á lẹ́ẹ̀kan, kò lè gbà á mọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló máa wọlé."

Mo ní kó jẹ́ ká wọlé lọ wo ẹni tó jókòó síbi tiwa. Ó ní ìjókòó wọn ò ní nọ́ńbà, ibi tó bá wu kálukú ló ń jókòó sí, pé inú gbọ̀ngàn ti kún débi pé àwọn kan ti wà lórí àtẹ̀gùn. Ó ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ ọ́. Ká ní ó yájú sí mi ni, ǹ bá rí ẹni bá jà.

Ìyá mi fà mí láṣọ. "Mo fi sí gúrúùpù," ó ní.

"Gúrúùpù wo?"

"Ti àwa ìyá ìjọ lórí Wáásáàpù. Mo ní kí wọ́n bá mi dúpẹ́."

Kò ṣe ohun tí ẹlòmíì ò ṣe rí. Bí ọmọ ẹnì kan bá rí físà, wọ́n á ya àwòrán rẹ̀ síbẹ̀. Bó bá rí iṣẹ́, wọ́n á ya ìwé náà tòun ti nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀. Àwọn yòókù á dáhùn pé àmín, tèmi náà á dé. Ẹ̀rí tí kò bá ní àwòrán, ó dà bí ẹni pé Ọlọ́run ò tíì ṣe é tán lójú wọn. Ọjọ́ kẹrin ṣáájú ọjọ́ yẹn ni ìyá mi ti ya kóòdù rẹ̀ síbẹ̀, tó sì fi ohùn ránṣẹ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ bá mi yin Olúwa."

"Mọ́mì, ẹ ti fọwọ́ ara yín bà á jẹ́." Mo sọ ọ́ sókè níwájú gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà.

Obìnrin kan lẹ́yìn wa ní, "Àǹtí, ó tó." Ìyá mi ń wá áńkáṣífù nínú báàgì rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò bà á, mo dúró mò ń wò ó, mi ò bá a wá a. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí ju ti tíkẹ́ẹ̀tì lọ.

A jókòó sórí pèpéle ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti tì, ní òdìkejì títì. Ó ní ká dúró díẹ̀, bóyá òun á gbọ́ ohùn ọmọ náà. Ariwo jẹnẹrétọ̀ gbọ̀ngàn yẹn ló bo gbogbo rẹ̀. A jókòó títí òòrùn fi kúrò lórí wa, kó tó gbà pé ká máa lọ sílé.

Wọ́n kó eré náà lọ sí Benin. Mo gbìyànjú ti Benin, ó ti tán. Mo gbìyànjú ti Àbújá, ó ti tán. Kí oṣù tó tẹ̀ lé e tó parí, ìyá mi jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bi mí ìdí tí mi ò fi ṣí fèrèsé. Mo ti ṣí i tipẹ́.

Àwọn èèyàn wá kí i. Ọ̀kan nínú wọn ni obìnrin tí wọ́n jọ máa ń jókòó nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ, ìyá ìjọ bíi tirẹ̀, tó ti ń wọlé wa láti kékeré mi. Ó gbé ọsàn wá. Ó ní kí inú ìyá mi lè dùn, òun fẹ́ sọ eré náà fún un bí àwọn kan ṣe sọ ọ́ fún òun. Kò pẹ́ tó fi gbàgbé àwọn kan yẹn. Ó ní òtútù inú gbọ̀ngàn náà mú òun, òun ò sì mú ìborùn dání. Ó ní ọkùnrin kan tó ga jókòó síwájú òun, òun ní láti máa na ọrùn.

Ẹni tó jókòó síbi tiwa lọ́jọ́ náà rèé. Mo wo ìyá mi, mo sì rí i pé ó ti mọ̀ kí n tó mọ̀. Ó rọra sún mọ́ obìnrin náà.

"Nígbà tó ń kọrin ìkẹyìn," ó ní, "ibo lọ́wọ́ ẹ̀ wà?"

Obìnrin náà ní, "Abẹ́ àyà ni. Ó ká méjèèjì síbẹ̀. Kò gbé wọn kúrò."

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Obìnrin náà ò lè wo ojú mi. Kò pẹ́ tó fi dìde tó lọ.

Mo ní mo máa lọ bá pásítọ̀ láàárọ̀ ọ̀la. Mo ní obìnrin yẹn ò ní tẹ ilẹ̀kùn wa mọ́ láyé. Ìyá mi jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Bó o bá lé e," ó ní, "ta ló máa máa sọ ọ́ fún mi?"

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èmi ni mo pe obìnrin náà pé kó wá.