Ìwọ̀n Fúláwà Tí Ọkọ Mi Ń Gùn

Nígbà tí Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, ń fojú gbogbo ènìyàn rí màbo lábẹ́ ìjọba ológun, tí ebi ń wá àwọn ènìyàn kiri, ọkọ mi nìkan ni mo mọ̀ tó ń wá ebi kiri. Abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ni. Ẹ̀ṣẹ́ ló ń kàn jẹun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé jíjẹun gan-an ni wọn kò fẹ́ kó jẹ. Ẹ̀ka tó wà ni wọ́n ń pè ní fẹ́dáwéètì. Ẹni tó bá fẹ́ jà níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju kílò mẹ́tàdínlọ́gọ́ta àti díẹ̀ lọ. Èmi a máa sọ pé mẹ́tàdínlọ́gọ́ta géérégé, kí díẹ̀ yẹn má baà tàn wá jẹ.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú pé ìtumọ̀ fẹ́dáwéètì ni ìwọ̀n ìyẹ́, mo wà níbẹ̀. Gàrí ni màmá ń tà. Ó gbé igbá ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Ìyẹ́ kẹ̀? Ìyẹ́ adìyẹ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Orúkọ lásán ni.”

“Ọmọ tí mo fi ìkọ́kọrẹ́ àti ẹja wò dàgbà, Èkó sọ ọ́ di ìyẹ́! Ẹni tó bá jẹun kánú ńkọ́, kí ni wọ́n ń pe ìyẹn?”

“Hẹ́fíwéètì ni, Màámi.”

“Ìyẹn ni kí o lọ ṣe.”

Yàrá kan ni a ń gbé ní Agége, lẹ́yìn ojú irin, nínú ilé Àlàájì kan tó ní ilé búrẹ́dì sí iwájú ọgbà. Èmi ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Ìkẹjà, mo ń to bísíkíìtì sínú páálí. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa ń fún wa ní èyí tó bá fọ́, ọ̀rá kọ̀ọ̀kan fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá wo ilé wa: búrẹ́dì ń ta sánsán níwájú, òórùn ṣúgà àti bọ́tà kò kúrò lára aṣọ ìyàwó, ọkọ sì jókòó ti àwo ẹ̀fọ́ tí kò ní epo. Àwọn ayálégbé ẹgbẹ́ wa ló ń bá wa jẹ bísíkíìtì náà. Àwọn yìí kan náà ló ń sọ nídìí ẹ̀rọ omi pé mò ń fi ebi pa ọkọ mi. Ká sòótọ́, gbogbo ilé náà ló lè wọ fẹ́dáwéètì nígbà náà láìṣe wàhálà kankan.

Láràárọ̀ ni ọkọ mi ń sáré láti Agége dé GRA Ìkẹjà, kó tó padà wálé. Á wọ súwẹ́tà, á fi ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi ń di ẹrù wé ara lórí rẹ̀, kó lè làágùn dáadáa. Ní GRA, ibi tí kò ti sí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn àfi mẹ́gáàdì, àwọn mẹ́gáàdì yìí lé e mú lẹ́ẹ̀mejì. “Wetin you thief?” ni wọ́n ń bi í. Láti ìgbà náà ló ti ń fi ìbọ̀wọ́ ẹ̀ṣẹ́ kọ́ ọrùn bó bá ń sáré. Ìyẹn wá di páàsì rẹ̀. Wọ́n á ní, “Champion, pass.”

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí kì í ṣe ẹ̀rín. Ọkọ mi ti pàdánù ìjà kan láì kan ẹ̀ṣẹ́ kankan. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń wọn ara àwọn tó fẹ́ jà, ó tẹ̀wọ̀n jù, wọ́n sì ní kó máa lọ sílé. Kóòṣì rẹ̀ kò pariwo. Ó kàn sọ fún un pé, “Bí èyí bá tún ṣẹlẹ̀, kó ìbọ̀wọ́ mi wá fún mi.” Nígbà tí ìròyìn náà dé Ìjẹ̀bú, màmá náà ránṣẹ́ tirẹ̀: bí wọ́n bá tún lé ọmọ òun padà, òun ń bọ̀ wá mú un lọ, yóò sì wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń yan gàrí. Ìjà kan ló wá kù tí wọ́n fún un. Bí kò bá gun ìwọ̀n náà já, ó tán nìyẹn, ẹ̀ṣẹ́ ti parí, ó di ìdí agbada gàrí.

Ìwọ̀n tó wà níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìdárayá ti bàjẹ́, kò sì sí ẹni tó fẹ́ tún un ṣe. Àlàájì lánlọ́ọ̀dù wa, tó fẹ́ràn ẹ̀ṣẹ́ ju búrẹ́dì lọ, ló ní kí ọkọ mi máa wá gun ìwọ̀n fúláwà òun. Irin ńlá kan ni, ó ní pèpéle nísàlẹ̀, ojú rẹ̀ rí róbótó bíi ti aago, ọwọ́ pupa kan sì wà láàárín rẹ̀. Àpò fúláwà tí wọ́n ti rán ẹnu rẹ̀ wá láti ilé iṣẹ́ kò gùn ún rí. Àádọ́ta kílò ni wọ́n kọ sí àpò lára, kí ni ẹnikẹ́ni tún fẹ́ wọ̀n níbẹ̀? Èyí tí Àlàájì bá bù nínú àpò fún àwọn obìnrin tó ń dín pọ́fùpọ́fù ló máa ń gun ìwọ̀n.

Àwọn obìnrin yìí ló wá di òǹwòran wa. Ọkọ mi á bọ́ra sílẹ̀ ku ṣòkòtò péńpé, á gun orí pèpéle, Àlàájì á sì kígbe bí kọ̀ńdọ́kítọ̀:

“Ọgọ́ta kílò ó lé díẹ̀!”

“Áà, bọ̀dá,” ọ̀kan á ní, “ibo lẹ kó o sí? Èmi ò rí ẹran lára yín.”

“Egungun rẹ̀ ló wúwo,” èkejì á dáhùn. “Ẹ kó o fún mi kí n fi se ọbẹ̀.”

Ohun kan wà tó ń yà mí lẹ́nu. Bí ọkọ mi bá ti sọ̀ kalẹ̀, Àlàájì á fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á rọra sọ fún un pé, “Ṣáńpíọ̀nù, jẹun díẹ̀. Má ka ìwọ̀n yẹn sí tó bẹ́ẹ̀.” Nígbà mìíràn, á ki búrẹ́dì gbígbóná bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Mo rò pé àánú ni. Ọkọ mi rò pé ìdánwò ni, á sì gbé búrẹ́dì náà fún mi.

Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n wọn ara, màmá dé láti Ìjẹ̀bú ní ọ̀sán. Ó gbé ẹrù oúnjẹ kan lórí, ó sì ká báàgì Gánà-mọ́ọ̀sìgò kan tó ṣófo sí abíyá. Mo kúnlẹ̀ kí i. Kò gba omi. Ọmọ rẹ̀ ló ń wò, tó jókòó sínú oòrùn pẹ̀lú súwẹ́tà àti ọ̀rá, tó ń tutọ́ sínú agolo kí ara rẹ̀ lè fúyẹ́ sí i.

“Ìyàwó mi.”

“Ẹ̀yin mà.”

“Kí lẹ fi ọmọ mi ṣe?”

“Iṣẹ́ rẹ̀ ni mà.”

“Iṣẹ́ wo ni ènìyàn ń ṣe tí itọ́ ń di ẹrù?”

Ìyàwó ayálégbé yàrá kejì dá sí i láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀: “Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ tètè dé o. A ti ń sọ ọ́.” Bísíkíìtì mi wà lẹ́nu rẹ̀ bó ti ń sọ ọ́.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀ díẹ̀, gbogbo wa bá ọkọ mi lọ sí ilé búrẹ́dì. Kò tíì mu omi láti àárọ̀. Ó gun ìwọ̀n. Ọwọ́ pupa náà yí, ó sì dúró síbi ọ̀kàndínlọ́gọ́ta. Àlàájì kò kígbe lọ́jọ́ yẹn. Àwọn obìnrin pọ́fùpọ́fù náà sún mọ́ ìwọ̀n wá wò ó. Ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí fúláwà tó dà sílẹ̀.

Màmá tú báàgì rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n. “Ó ti tó. Dìde, jẹ́ ká lọ kó aṣọ rẹ.”

“Màámi, ó ku àárọ̀ ọ̀la.”

“Kí ló kù lára rẹ tí o fẹ́ yọ? Awọ?”

Ìgbà tó sọ èyí tán ni ojú rẹ̀ bọ́ sórí ìwọ̀n. Ó wò ó. Ó yí i po bí ẹni tó fẹ́ ra ewúrẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀.

“Àlàájì, ẹ bá mi gbé odindi àpò kan gùn ún.”

“Màmá, èwo ni ti àpò?” Àlàájì rẹ́rìn-ín. “Àpò kì í kan ẹ̀ṣẹ́.”

“Ẹ ṣáà gbé e.”

Àlàájì kò gbé e. Àwọn obìnrin pọ́fùpọ́fù méjì ló wọ́ àpò kan tí wọn kò tíì tú wá, tí wọ́n sì gbé e lé pèpéle. Màmá kò mọ̀wé, ó ní kí èmi kà á.

“Kí ni wọ́n kọ sára àpò?”

“Àádọ́ta kílò, mà.”

“Ìwọ̀n wá ń sọ pé kí ni?”

“Mẹ́tàléláàádọ́ta.”

Gbogbo ojú yí sí Àlàájì. Ó nu ojú. “Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fúláwà yẹn lawọ́,” ó ní. “Ènì ni wọ́n fi sí i.”

“Ènì kílò mẹ́ta?” obìnrin kan dáhùn. “Nínú Sáàpù yìí? Àlàájì, ẹ̀yin tí ẹ kò fún wa ní ènì ṣíbí kan rí!”

“Ẹ fi Àlàájì sílẹ̀,” ni èkejì wí, “ṣebí òun ló ń sọ pé pọ́fùpọ́fù wa ti kéré jù.”

“Màmá,” Àlàájì ní, “ta ló kọ́ yín ní irú èyí?”

“Ṣé àdúrà ni mo ń tà ni? Gàrí ni mo ń tà. Láti ìgbà tí mo ti ń lu ìdí kóńgò wọnú...” Màmá fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. “Nígbà kan rí ni mo ń wí.”

Àlàájì pàtẹ́wọ́. “Ẹ gbọ́ ọ o! Olè ní ń mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta!”

“Ẹ ṣeun,” ni màmá dáhùn. “Ẹ fẹnu ara yín gbà á.”

Bí àwọn obìnrin náà ṣe pariwo lé Àlàájì lórí, ọkọ mi kò kúrò nílẹ̀. Kò gbà á gbọ́. Ó ní ó ṣeé ṣe kí àpò náà ti gba òjò, kó sì wúwo. Ó ní bí òun bá jẹun lálẹ́ yìí lórí ọ̀rọ̀ kóńgò, tí wọ́n sì lé òun lọ́la, ta ló máa bá òun bẹ kóòṣì? Ó gbójú sókè, ó ń wò mí. Ìyá rẹ̀ náà ń wò mí. Èmi tí wọ́n ní mò ń fi ebi pa á ni wọ́n wá ń wojú mi lórí oúnjẹ.

Mo fi ọwọ́ tẹ àpò náà káàkiri. Ó gbẹ. Mo ṣe ìṣirò náà lọ́kàn: bí ìwọ̀n yìí bá ń fi mẹ́ta lé àádọ́ta, a jẹ́ pé ọkọ mi kò pé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta.

“Màmá,” mo ní, “sítóòfù wa ní kẹrosíìnì.”

Ewùrà àti ẹja gbígbẹ ló wà nínú ẹrù rẹ̀. Ó se ìkọ́kọrẹ́. Èmi ni mo bu ti ọkọ mi, abọ́ kan, pẹ̀lú ife omi kan.

“Ológbò nìyẹn wà fún?” màmá béèrè.

“Ó tó mà.”

Ó nawọ́ sí ìpọnbẹ̀. Mi ò fi ìpọnbẹ̀ sílẹ̀. Obìnrin tó bí ọkọ mi fà á sọ́tùn-ún, mo fà á sósì. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé náà, ìjà àkọ́kọ́ tí mo jà nìyẹn, mo sì borí. Ọkọ mi ti jẹun tán, ó ti sùn, kí a tó jọ̀wọ́ ara wa.

Lọ́jọ́ kejì, nínú gbọ̀ngàn kan ní Surulérè, àwọn tó fẹ́ jà tò bí ọmọ ilé ìwé, pátá nìkan ló wà nídìí wọn. Màmá dúró lẹ́yìn pẹ̀lú báàgì òfìfo rẹ̀ lábíyá. Kóòṣì rìn kọjá, ó dúró, ó fimú fa afẹ́fẹ́.

“Ta ló jẹ ẹja níbí?”

Ọkọ mi gun ìwọ̀n, ó di ojú rẹ̀. Ọkùnrin tó ń wọ̀n wọ́n fara balẹ̀ ju bó ti yẹ lọ.

“Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta àti ààbọ̀,” ó ní. “Ó wọlé.”

Kóòṣì di ọkọ mi mọ́ra, ẹja àti gbogbo rẹ̀. Láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni a ti gbọ́ ohùn màmá: “Ó ku díẹ̀ kó kún! Ṣé ó ṣì lè jẹ sí i?”

Ó jẹ sí i. Nígbà tí wọ́n jà, àwọn adájọ́ fún un ní ìjà náà, nítorí ní àwọn ráúǹdù ìgbẹ̀yìn, ẹnìkejì rẹ̀ kò lágbára àtigbé ọwọ́ mọ́, tirẹ̀ ṣì ń fò. Ìyẹn ló jẹ́ kó pẹ́ nídìí ẹ̀ṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i. Kóòṣì ní okùn fífò ló fún un lágbára. A kò jiyàn.

Àlàájì tún ìwọ̀n rẹ̀ ṣe níṣojú àwọn obìnrin pọ́fùpọ́fù. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, búrẹ́dì rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀ sí i. Kí ọ̀rọ̀ má baà dé ọ̀dọ̀ àwọn lánlọ́ọ̀dù ẹgbẹ́ rẹ̀, ó bu fúláwà fún màmá kó rí nǹkan mú lọ sílé. Mo sin màmá dé ibùdókọ̀. Báàgì tó gbé wá láti fi kó ẹrù ọmọ rẹ̀ ti kún fọ́fọ́, fúláwà ní ìsàlẹ̀, bísíkíìtì fífọ́ lókè. Lẹ́yìn náà, ó ránṣẹ́ pé òun ti ta fúláwà náà tán ní Ìjẹ̀bú, ó sì mú èrè wá ju bí òun ti rò lọ. Mi ò béèrè kóńgò tó fi wọ̀n ọ́n.