Ilẹ̀kùn Tó Kọjú sí Tiwa

Ní Sátidé tó kọjá, mo ń ká aṣọ tí mo fọ̀ ní pálọ̀ wa ní Smyrna níbí, lẹ́bàá Atlanta, nígbà tí mo gbọ́ orin kan láti inú tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ mi ọkùnrin ló ń wá ohun tí yóò wò, ló bá ṣèèṣì tẹ eré àtijọ́ kan tí kò ní àwọ̀, dúdú àti funfun lásán. Orin náà kò gùn: fèrè kan tó ń fà bí ẹni tó ń yọ́ rìn, lẹ́yìn náà dùùrù kan tó dún gbì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Mummy, this thing is so old," ni ọmọ náà wí, ó sì fẹ́ yí i kúrò. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ kan wà lọ́wọ́ mi, n kò ká a, n kò sì jù ú sílẹ̀ títí orin náà fi parí. N kò sí ní Smyrna mọ́. Mo ti padà sí Stone Mountain tí mo ti ṣe kékeré, mo jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mojí ọ̀rẹ́ mi, a jọ ń jẹ gúgúrú nínú abọ́ kan, inú sì ń bí mi nítorí pé àbúrò rẹ̀ náà fẹ́ jókòó tì í.

Ẹ̀yin tí ẹ dé Atlanta lẹ́yìn tí ṣọ́ọ̀bù tó ń ta iṣu ti wà káàkiri, ẹ kò lè mọ bí nǹkan ṣe rí nígbà náà. Ilé alájà mẹ́ta kan là ń gbé, ó kún fún oríṣiríṣi èèyàn, ṣùgbọ́n ìdílé Yorùbá tó wà níbẹ̀ kò pọ̀. Ilẹ̀kùn wa àti ilẹ̀kùn àwọn Mojí kọjú síra lórí àtẹ̀gùn kan náà, débi pé bí ìyá mi bá ń din ata, ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń sín. Ìyá mi ń tọ́jú àwọn arúgbó, iṣẹ́ ọ̀sán ni wọ́n sì máa ń ṣe, torí náà bí bọ́ọ̀sì ilé ìwé bá ti já wa sílẹ̀, ọ̀dọ̀ Mummy Mojí ni mo máa ń wà títí bàbá mi yóò fi dé. Bí Mummy Mojí bá gé ẹran fún Mojí, wọ́n á gé tèmi náà, wọ́n á sì gbé méjèèjì wò dáadáa kí ẹnikẹ́ni má baà ráhùn. Èmi ni mo máa ń ráhùn.

Ọ̀dọ̀ wọn la ti ń wo eré náà. Tẹlifíṣọ̀n tiwa kò mú un, bí bàbá mi ti wulẹ̀ fi fóìlì wé irin éríà rẹ̀ tó. Òjò funfun ló máa ń rọ̀ lójú rẹ̀. Tiwọn mọ́lẹ̀ kedere. Wọ́n ti ṣe eré náà kí àwọn òbí wa tó mọ̀ pé ibi kan wà tó ń jẹ́ Georgia. Àdúgbò kan ni wọ́n máa ń fi hàn nínú rẹ̀, ilé rèǹtè-rente, koríko tó rí bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹ̀. Láàárọ̀, àwọn ará àdúgbò á ṣí fìlà kí ara wọn. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, olúkúlùkù á gbé etí kọ́tìnì sókè, á máa wo ohun tí aládùúgbò rẹ̀ ń gbé wọlé. Èyí tí n kò gbàgbé ni ti obìnrin kan tó ń dá gbé, tí ìgò mílíìkì méjì sì máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láràárọ̀. Ta ló ń mu ìkejì? Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò pẹ́ tí ẹni tó ń yá a ní ṣúgà fi di ẹni tí kì í kí i mọ́, nígbẹ̀yìn gbogbo àdúgbò gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ó ṣílẹ̀kùn. Ológbò ńlá kan ló gbé mọ́ àyà.

Mojí rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé kí ló dé tí obìnrin náà kò kúkú sọ fún wọn pé òun ní ológbò. "Because it's not their business," ni Mojí wí, ó sì tún bu gúgúrú.

N kò ní purọ́ fún yín, òjòwú ni mí láti kékeré. Mo jowú àbúrò Mojí, mo jowú ọmọ tó ń jókòó níwájú rẹ̀ ní kíláàsì, mo tilẹ̀ jowú bèbí rẹ̀ kan tí apá rẹ̀ ti yọ. Ìyá mi máa ń sọ fún mi pé òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Bí ẹ bá rí mi lónìí, ẹ ó mọ̀ pé òwe yẹn kò rí mi mú.

Àṣà kan sì wà láàárín àwa ará ilé, ó ṣì wà dòní. Ohun rere tó ń bọ̀, a kì í sọ ọ́ títí yóò fi dé. Ayé ń wò. Aboyún kò sọ, ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò kò sọ, ọjọ́ ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni gbogbo èèyàn yóò tó gbọ́. Wọ́n kọ́ àwa ọmọ pẹ̀lú: bí ẹnikẹ́ni bá béèrè bàbá rẹ lórí fóònù, sọ pé wọ́n ń sùn. Bàbá kan nísàlẹ̀ ilé wa lọ sí Nàìjíríà lọ́dún kan, gbogbo ìgbà tí wọ́n fi wà lọ́hùn-ún, àwọn ọmọ wọn ní wọ́n ń sùn. Nígbà tí wọ́n dé, ìyá mi pàdé wọn lórí àtẹ̀gùn, wọ́n sì kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Ẹ kú oorun o, sà."

Ìgbà tí ilé ìwé ti wọ ìsinmi ni nǹkan yí padà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó kọjú sí tiwa. Kọ́tìnì àwọn Mojí wà ní títì látàárọ̀ dalẹ́. Mummy Mojí ní tẹlifíṣọ̀n ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ni mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú yàrá. Bí Daddy Mojí bá ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n á máa gbé páálí sọ̀kalẹ̀ sínú mọ́tò, wọ́n á fi aṣọ bò ó. Bó bá di Sátidé, gbogbo wọn á jáde, wọ́n á sì dé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú amọ̀ pupa lẹ́sẹ̀ Mojí títí dé ọrùn ẹsẹ̀. Lágbègbè wa, kọnkéré àti koríko nìkan ló wà. Mo bi í pé níbo ló ti rí amọ̀. "Nowhere," ló wí. Ó kù díẹ̀ kí n gbà á gbọ́ nígbà tó di ọjọ́ kan tí à ń fo okùn, ó bá fò ó lọ́nà tuntun kan, ó yí ara po lókè kó tó balẹ̀. Mo ní ta ló kọ́ ọ.

"Ashley," ló wí, ló bá fọwọ́ bo ẹnu.

"Ta ni Ashley?"

"Nobody."

Orúkọ yẹn gún mi bí ẹ̀gún. Láti ọjọ́ náà, mo gbé àga sẹ́yìn ilẹ̀kùn wa, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú nínú ihò kékeré tó wà lójú ilẹ̀kùn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe nínú eré. Lọ́jọ́ kan tí mo gbé àga dé, ìyá mi ni mo bá níbẹ̀, wọ́n lẹ ojú mọ́ ihò náà. Wọ́n ní ẹnì kan ló ń kan ilẹ̀kùn tí àwọn ń wò. Kò sí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní tèmi nìkan. Àwọn ìyá ń pe ara wọn lórí fóònù. Ọ̀kan ní bóyá ìwé ìgbélùú wọn ni kò pé, òmíràn ní bóyá tọkọtaya ló fẹ́ kọ ara wọn sílẹ̀. Ìyá mi ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kó jẹ́ òwò tí kò mọ́. Wọ́n á gbàdúrà fún wọn tán, wọ́n á tún lọ yọjú. Nígbà tó yá, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ wà ní ilé yẹn mọ́: "N ò fẹ́ kí ọmọ mi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí police bá dé." Wọ́n fi mí sọ́dọ̀ obìnrin kan nísàlẹ̀ tó jẹ́ pé ìròyìn ojú ọjọ́ nìkan ló máa ń wò. Mo mọ ibi tí òjò ti ń rọ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tó ń ṣe Mojí. Ẹ̀rù tó ń bà mí kì í ṣe ti ọlọ́pàá. Ẹ̀rù Ashley ló ń bà mí.

Ọjọ́ Ìsinmi kan ni àṣírí tú. Pásítọ̀ ní ìdílé kan fẹ́ dúpẹ́, ni Daddy Mojí bá dìde, Mummy Mojí tẹ̀ lé wọn, Mojí pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ jó lẹ́yìn. Ọlọ́run ti fún wọn ní ilé tuntun ní Loganville, ilé tiwọn, yàrá mẹ́rin. Wọ́n ti kó ẹrù débẹ̀ tán. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì hó. Ìyá mi hó ju gbogbo wọn lọ, wọ́n jó dé iwájú, wọ́n dì mọ́ Mummy Mojí, eyín wọn sì hàn títí ìsìn fi parí. A wọ mọ́tò. A rìn dé ìdajì ọ̀nà kí ìyá mi tó wí pé, "Yàrá mẹ́rin! Obìnrin tí mo ń yá ní ìkòkò!" Wọ́n ń sunkún. N kò rí i rí kí owú àti ìbànújẹ́ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lójú ẹnì kan.

Bàbá mi kò gbójú kúrò lójú ọ̀nà. "Ìwọ ńkọ́?" ni wọ́n wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Ṣé o ti sọ fún un pé o lóyún?"

Báyìí ni èmi náà ṣe gbọ́ pé mo máa ní àbúrò.

Ṣùgbọ́n kí a tó wọ mọ́tò, mo ti bá Mojí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi.

"Mummy said I can't tell anybody."

"Èmi ni anybody? Ashley mọ̀!"

"Ashley lives next door to us now." Ó ń fi bàtà tẹ òkúta kan sílẹ̀. "And Mummy said oyinbo doesn't count."

Mo ti dàgbà, mo ti bímọ, mo ṣì ń ro ọ̀rọ̀ yẹn. Òyìnbó kò sí lára ayé. Ẹni tó bá ọ jẹun nínú abọ́ kan ni ayé, òun ni wọ́n ń ti kọ́tìnì mọ́. Ẹni tí kò lè pe orúkọ rẹ ni wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ fún. A lọ kí wọn ní Loganville nígbà tí ìyá mi bímọ tán. Ashley wà lágbàlá, irun rẹ̀ pupa bí amọ̀ ibẹ̀, ó sì na okùn sí mi pé kí n wá fò. Mo fò ó. Mojí ló ń kà, Ashley sì dúró tì í níbi tó yẹ kí n dúró. Ọ̀nà jìn, iṣẹ́ pọ̀, ìyá méjèèjì ń kí ara wọn lórí fóònù, wọ́n sì ń fi ohun tó wà nínú wọn pamọ́. A kò padà síbẹ̀ púpọ̀.

Lọ́dún tó kọjá ni Mummy Mojí papò dà. Àìsàn ti wà lára wọn tipẹ́, wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì, tí ǹ bá ti lọ fọ ẹsẹ̀ wọn, ojú fóònù ni mo ti rí àwòrán wọn àti ọjọ́ ìsìnkú. Mo wakọ̀ lọ sí Loganville. Mojí dì mọ́ mi, ó sunkún sí mi léjìká, àwọn èèyàn sì fà á lọ. Obìnrin òyìnbó kan ń jáde wọlé ní ilé ìdáná, ewú ti bo irun rẹ̀, ó ń bu ìrẹsì, ó ń sọ fún àwọn ọmọ pé "Ẹ jókòó." Òun ló ń gbé Mummy Mojí lọ sí ilé ìwòsàn ní gbogbo àsìkò yẹn. Ó bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ ìdílé náà. Mo sọ orúkọ mi fún un.

Ashley ni! Ó gbé abọ́ sílẹ̀. "Oh my God, it's you," ló wí. Ó ní gbogbo ọdún àkọ́kọ́, orúkọ mi ni Mojí ń dárúkọ ṣáá. Bí òun bá fo okùn, yóò ní èmi mọ̀ ọ́n fò ju bẹ́ẹ̀ lọ. "I was so jealous of you. I hated you."

Inú mi dùn. Nínú ilé ọ̀fọ̀, inú mi dùn débi pé ojú tì mí, mo sì dì mọ́ ọn.

Nǹkan ti yí padà o. Ìyá mi kò nílò láti lẹ ojú mọ́ ihò ilẹ̀kùn mọ́. Kámẹ́rà wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé ní àdúgbò wa, bí ajá ẹnì kan bá kọjá, fóònù mi á dún. Síbẹ̀, bí a ti ń ṣọ́ ara wa tó nì, kò sí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe ẹnì kejì rẹ̀. A ṣì ń fi ayọ̀ pamọ́ fún ẹni tó lè bá wa yọ̀, a sì ń fi àìsàn pamọ́ fún ẹni tó lè tọ́jú wa. Èmi náà ń ṣe é, mo ti kọ́ ọmọ mi pé bí ẹnikẹ́ni bá béèrè mi, mò ń sùn. Ní ọjọ́ yẹn ní Loganville, wọ́n gbé oúnjẹ fún mi, n kò rí ṣíbí. Mo dúró láàárín ilé ìdáná Mummy Mojí, mò ń wo àwọn dúrọ́ọ̀ tó tò lọ lára ògiri, n kò mọ èyí tí n ó ṣí. Ashley jowú mi, èmi náà jowú rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló mọ ibi tí ṣíbí wà.