Gáàsì Nínú Búùtù Ọkọ̀ Mi

Ara mi kì í balẹ̀. Ìyá mi máa ń sọ pé èmi ni ọmọ tí kò lè dúró kí ẹ̀kọ tutù kó tó mu ún. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí bẹntiróòlù, tí mo sì gbọ́ pé wọ́n ń bá àwa onímọ́tò akérò yí ọkọ̀ wa sí ti gáàsì lọ́fẹ̀ẹ́, mi ò sun oorun àsùnwọra mọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, mo ti wà lọ́dọ̀ àwọn mekáníìkì tó ń ṣe é. Mi ò bi ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó yẹ kí n bi ni Àlájà. Ará Ìsẹ́yìn ni, aṣọ ànkárá ló ń tà ní ọjà Aswani, ilé ìsàlẹ̀ ló sì ń gbé ní Ẹ́sítéètì Jakande. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ọjà bá kún, èmi ni mo máa ń gbé òun àti ẹrù rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí mo ra mọ́tò náà, òun ló kọ́kọ́ jókòó sí iwájú, tó gbọ́wọ́ lé e, tó ṣàdúrà. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ti ṣàdúrà sórí nǹkan ẹni ti lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Èèyàn kì í yí nǹkan náà padà láìjẹ́ kó gbọ́.

Bẹ́ẹ̀, nítorí rẹ̀ gan-an ni mo ṣe ń kánjú. Lásìkò òjò tó kọjá, omi kánààlì wọ yàrá rẹ̀, ó ba aṣọ jẹ́ ní dìdì. Èmi àti ẹ̀ la jọ sá wọn sórí okùn. Àwọ̀ wọn ti ṣàn mọ́ra. Ó bi mí pé kí ló dé tí òjò ìsinsìnyí kò mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ mọ́. Mo ṣàlàyé ohun tí mo gbọ́ lórí rédíò, pé èéfín epo tí gbogbo wa ń sun, àti gáàsì tí wọ́n ń dáná sun lásán níbi tí wọ́n ti ń wa epo, ló ń mú ayé gbóná. Wọ́n ní èéfín mọ́tò tó ń lo gáàsì kéré sí ti bẹntiróòlù.

Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́, mo ṣí búùtù fún un. Sílíńdà ńlá kan ti nà gbalaja síbẹ̀. Àlájà wò ó, ó wo ẹrù rẹ̀, ó wá wò mí.

"Ta lo bi?"

"Ẹ má bínú, mà. Nítorí aṣọ yín ni mo ṣe ṣe é, kí omi má baà tún bà á jẹ́."

"Aṣọ mi náà lo wá lé kúrò níbùjókòó rẹ̀ yìí."

Ojú tì mí débi pé inú bí mi. Mo kó ẹrù sórí ìjókòó ẹ̀yìn títí ó fi kan òrùlé, Àlájà gbé ìyókù lé itan. Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé Aswani.

Ìṣẹ́gun kejì ló burú. Ilé gáàsì mọ́tò ò pọ̀, láti ìdájí ni mo ti wà lórí ìlà. Ọkọ̀ náà ṣì lè lo bẹntiróòlù o, àmọ́ mo ti búra pé mi ò ní rà á mọ́, táǹkì sì ti gbẹ. Mo jókòó, mo dìde, mo bú àwọn tó ní ká kúrò nídìí epo láìkọ́kọ́ kọ́ ilé gáàsì tó máa tó wa. Àlájà pè mí.

"Níbo lo wà?"

"Mo ṣì wà lórí ìlà, mà."

"Kò burú." Ó pa fóònù.

Ìgbà tí gáàsì fi máa kún ọkọ̀ mi, onímọ́tò bẹntiróòlù kan láti Èjìgbò tó wà nítòsí wa ti gbé Àlájà àti ẹrù rẹ̀ lọ.

Mi ò lè lọ sílé. Mo lọ dúró níwájú ọjà títí ọjà fi tú. Ojú ọjọ́ ti ṣú. Àlájà ní kí wọ́n kó ẹrù sí búùtù ará Èjìgbò, òun fúnra rẹ̀ wá ṣílẹ̀kùn iwájú ọkọ̀ mi, ó jókòó síbi tó jókòó sí lọ́jọ́ àdúrà.

"Ọkọ̀ rẹ ò gba ẹrù mi mọ́," ó ní. "Àmọ́ ó ṣì gba èmi."

Omijé fẹ́ bọ́ lójú mi. A tẹ̀lé ọkọ̀ ẹrù náà, ó ń tú èéfín dúdú sójú wa ní gbogbo ọ̀nà. Kí a tó dé ẹnu ọ̀nà ẹ́sítéètì, òjò ti dé, omi ti ń gun etí gọ́tà.

"Òjò yìí," ni Àlájà wí, "ṣé ó mọ̀ pé ìwọ ti ṣe tìẹ?"

Mo tẹná mọ́ mọ́tò, ká lè gbé aṣọ tó wà nílẹ̀ yàrá rẹ̀ kí omi tó ṣáájú wa wọlé.